Ìró Inú Àpótí Dúdú

Aago 5:40 àárọ̀. Òkùnkùn oṣù kọkànlá ṣì bo Queens Road ní Peckham, London. Ọdún 2022 ni, Ọjọ́bọ̀ ni. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ìmọ́tótó tó fi gbogbo òru ṣe dé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí ó má bàa jí àwọn onílé, nítorí yàrá kan ṣoṣo ló ń gbà nínú ilé náà. Kò bọ́ kóòtù. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ tábìlì, àpótí dúdú ńlá kan. Páálí tí a ká lẹ́ẹ̀mẹrin wà lábẹ́ igun rẹ̀ kan. Rọ́bà fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Páálí yẹn kò ṣàdédé débẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àpótí náà ti ń pariwo. Ní ìbẹ̀rẹ̀, páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n, wọ́n fi páálí tì í. Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í họ nínú lọ́hùn-ún nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ṣí fáìlì, wọ́n fi rọ́bà dè é. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé onílé ní òun kò rí oorun sùn. Ìdákẹ́jẹ́ ni gbogbo wọn ń wá. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ariwo náà ń sọ.

Aago 5:43. Ẹ̀rọ náà hó, wùùù. Ìró náà gòkè, ó dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà: kọ̀. Ó sinmi. Kọ̀. Ó sinmi. Kọ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú, àfi ìlà funfun kan tó ń ṣẹ́jú lókè lápá òsì. Obìnrin náà ka ìró náà dé mẹ́wàá. Ó gbójú sókè wo bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: Friday, 9:30. Ọ̀la nìyẹn.

Aago 6:20. Ọmọ onílé yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Ṣé ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Kò dúró de èsì. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀. Kọ̀.

"Má lù ú mọ́, jọ̀ọ́."

Ohùn rẹ̀ kò ga. Ọmọ náà yí ojú sí i, ó sì fà sẹ́yìn. Ó ní òun ti gbọ́ pé wọ́n máa ń yọ hard drive sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e sínú fíríìsà fún ọjọ́ kan, yóò sì jí. Obìnrin náà wo ọ̀nà kíṣìnnì. Ó wò ó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ fíríìsà yìí ti ń jà ràn-ìn tipẹ́. Nígbà àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí irin tó há sún kì nínú òtútù kí ó sì tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gbé e padà sínú yàrá tó móoru, ìrì yóò sẹ̀ sí i lára. Èyí tí ì bá là ni wọ́n fi bẹ́ẹ̀ pa.

Aago 6:26. Obìnrin náà fa wáyà yọ lára ògiri. Nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe fún ẹ̀rọ náà láti ọdún mẹ́ta, èyí nìkan ló bọ́gbọ́n mu.

Aago 8:15. Ó fi aṣọ ìnura wé àpótí náà, ó gbé e sínú báàgì onítáyà tó máa ń fà lọ sọ́jà. Kò tíì rìn jìnnà tó fi dúró. Táyà ń bọ́ sínú àlàfo òkúta ojú ọ̀nà, gbogbo báàgì ń ta. Ó gbé àpótí náà jáde, ó fi báàgì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó gbá a mọ́ àyà. Bọ́ọ̀sì 36 kọjá. Kò nawọ́ sí i. Hard drive tí a ti pa kò kúkú bẹ̀rù ìgbọ̀nrìrì tó bẹ́ẹ̀. Orí tó ń kàwé nínú rẹ̀ ti kúrò níbi tí wọ́n kọ nǹkan sí, ó ti lọ sí àyè ìsinmi. Òun kò mọ ìyẹn. Ó ń rìn bí ẹni tó ru omi àrukún.

Aago 8:50. Rye Lane ń jí. Wọ́n ń da yìnyín sórí tábìlì ẹja. Wọ́n ń to ata rodo sínú abọ́, abọ́ kan, iye kan. Iṣu wà nílẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lókè rẹ̀, pànlá wà nínú àpò. Nígbà tí Suzanne Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti London School of Economics ṣe ìwádìí òpópónà yìí ní ọdún 2012, wọ́n bá àwọn onísọ́ọ̀bù tó wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, wọ́n sì rí bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pín sọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lò. Irú sọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà wọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé. Láàárín, àga onídìrí méjì wà. Ní ìpẹ̀kun, tábìlì kan, iná kan, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí ìfowóránṣẹ́ kí i. Ó ti mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà fi orí dáhùn, kò dúró.

Aago 9:05. Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìkẹjà ló ti kọ́ iṣẹ́, ní Computer Village, kó tó dé Peckham. Ó gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú aṣọ ìnura, ó tú rọ́bà. Ó rí ibi tí páálí ti fi àpá sí i lára. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é, Àǹtí?"

"Ó ń dún. Kò ṣí."

"Báwo ló ṣe ń dún?"

Ó fi ẹnu ṣe é. Kọ̀. Ó sinmi. Kọ̀. Onídìrí tó ń to irun sórí tábìlì yíjú wò wọ́n.

Aago 9:20. Ó yọ síkúrù mẹ́rin, ó fa hard drive náà jáde. Ó gbà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ díẹ̀. Lára rẹ̀ wọ́n kọ 500 GB, 7200, àti ọdún 2009. Ó so ó mọ́ wáyà iná nìkan. Ó mú síkúrù díráfà gígùn kan, ó fi ẹnu irin rẹ̀ kan ìdérí hard drive náà, ó fi èkù rẹ̀ sí etí, ó sì di ojú. Báyìí náà ni àwọn mẹkáníìkì ṣe ń gbọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ́tí fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ó pa á.

"Tó bá jẹ́ pé ó ń kùn nìkan ni, síkúrù ló dẹ̀," ó ní. "Tó bá ń fín, bíárìn ló gbó. Ti àtijọ́ nìyẹn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo ṣe bíárìn. Tó bá ń ha, ẹ má tiẹ̀ gbé e wá, orí ti ń fá ojú àwo nìyẹn. Tiyín yìí, orí ń wá ọ̀nà ni. Ó jáde, kò rí àmì tó yẹ kó rí, ó padà sílé. Ó tún jáde."

"Ṣé yóò rí i?"

"Ó rí i lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Mo gbọ́ ọ."

Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó ni ọ̀pọ̀ máa ń gbé wá, tàbí fídíò ìsìnkú.

"Ìwé ni."

"Ṣé ẹ kò gbé e sórí Google? Tàbí fláàṣì?"

"Rárá."

Ó dúró dè é kó ṣàlàyé. Kò ṣàlàyé.

Aago 9:45. Ọkùnrin náà sọ pé àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣí hard drive nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní eruku. Wọ́n lè pààrọ̀ orí rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn ni, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ibẹ̀ ni òun ì bá ní kí wọ́n gbé e lọ tí àyè bá wà.

"Ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀."

Ó wo ojú rẹ̀. Ó fa àga kan jáde fún un.

Kò ṣí ìdérí hard drive náà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó ṣí i lórí tábìlì ọjà. Àwọn àwo tó ń dán bíi dígí ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà 7,200 ni wọ́n ń yí ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó jẹ́ 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ sì ni ìkùn rẹ̀ ti ń wá. Orí tó ń kàwé kì í fara kan àwo. Afẹ́fẹ́ tí àwo ń dá sílẹ̀ bó ṣe ń yí ló gbé e dúró, nínú àlàfo nanomita díẹ̀ péré. Fọ́nrán irun orí ènìyàn kan nípọn ju àlàfo yẹn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹyọ eruku kan tó wọ ibẹ̀, àpáta ni. Èyí àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1956 ní àwo 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, gbogbo ẹ̀rọ náà wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ló lè gbà. Wọ́n sọ ọ́ di ohun tó ń gbé inú àpò. Bó ṣe ń kéré sí i ni àṣìṣe tó lè fara dà ń kéré sí i.

Aago 10:30. Ó ti gbé hard drive mìíràn kalẹ̀, tuntun, tó tóbi ju ti obìnrin náà lọ. Ó ti ṣí ẹ̀rọ alágbèéká kan tí kì í ṣe Windows ló wà nínú rẹ̀, nítorí Windows yóò fẹ́ kọ nǹkan sára èyí tó ń kú, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọ ẹyọ lẹ́tà kan sí i mọ́. Ddrescue ló fẹ́ lò, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Antonio Diaz Diaz. Ohun tó rọrùn ni yóò kọ́kọ́ kó. Ibi tó bá há, yóò fò ó, yóò sàmì sí i, yóò padà wá síbẹ̀ nígbà tó bá ti kó ìyókù tán.

"Ẹ sọ orúkọ fóldà fún mi, kí n kọ́kọ́ wá a," ó ní, ó sì mi orí fúnra rẹ̀. "Rárá o, kò lè ṣeé ṣe báyìí. Kò mọ fóldà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ń kó o. Ìgbà tó bá parí la máa tó mọ ohun tá a rí."

"Harvest ni wọ́n kọ sí i," obìnrin náà dáhùn síbẹ̀síbẹ̀.

Aago 10:52. Ó tan án. Wùùù. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Ó pa á, ó dúró, ó tan án. Kọ̀. Kọ̀. Ó pa á. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìró náà gòkè, ó dúró, nǹkan kan họ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Aago 11:14. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Aago 11:31. Ìdá méje. Lẹ́yìn ògiri sọ́ọ̀bù náà ni arópòdá rélùwéè wà, èyí tó gbé ojú irin lọ sí ibùdókọ̀ Peckham Rye tí wọ́n ṣí ní 1865. Ọkọ̀ kan kọjá. Kọ́ọ̀bù tíì gbọ̀n lórí àwo rẹ̀. Nọ́ńbà tó ń sáré dúró. Kọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ó tún sáré, ṣùgbọ́n ní ìlà kejì, níbi tó ti ń ka àṣìṣe, òdo ti di 14.

Aago 11:39. Ọkọ̀ mìíràn kọjá. 14 di 31.

Ariwo nìkan tó láti ṣe hard drive tí ara rẹ̀ le léṣe, kí á má tíì sọ èyí tó ń ṣàìsàn. Ní ọdún 2008, Brendan Gregg, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Sun Microsystems, dúró síwájú ọ̀wọ́ hard drive kan, ó lọgun mọ́ wọn. Àwòrán tó ń ṣàfihàn iṣẹ́ wọn ta sókè lójú ẹsẹ̀: wọ́n fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, báńkì ING ní Bucharest, lórílẹ̀-èdè Romania, ń dán ẹ̀rọ ìpaná wò. Gáàsì ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń tú, kì í ṣe omi, kí kọ̀ǹpútà má bàa bàjẹ́. Gáàsì náà kò ba nǹkan jẹ́. Ariwo tó fi jáde ló ba ọ̀pọ̀ hard drive jẹ́, ẹ̀rọ ìgbowó àti káàdì àwọn oníbàárà sì kú fún bí wákàtí mẹ́wàá.

Aago 11:55. Ọkùnrin náà dúró, ó gba àárín àwọn onídìrí kọjá, ó sọdá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta aṣọ. Ó padà pẹ̀lú rọ́bà ìdí ṣòkòtò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ègé fóòmù kan. Ó pa hard drive. Ó ta rọ́bà náà mẹ́rin sínú àpótí igi kékeré kan, ó gbé hard drive náà kọ́ sí àárín rẹ̀, kò kan ibì kankan. Ó fi fóòmù sábẹ́ àpótí. Obìnrin náà ń wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tí ariwo hard drive ń dí lọ́wọ́ oorun ló ń ṣe irú nǹkan báyìí kí ariwo má bàa jáde sínú yàrá. Tòní yàtọ̀: ariwo yàrá ni kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Aago 12:20. Ọkọ̀ kọjá. Kọ́ọ̀bù gbọ̀n. Nọ́ńbà ń sáré.

Aago 1:10 ọ̀sán. Ìdá 26. Onídìrí ti tan orin. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí ló dé, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó pa á pátápátá. Oníbàárà rẹ̀, tí irun rẹ̀ wà ní ìlàjì, ráhùn díẹ̀, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí ọkọ̀ rélùwéè bá fẹ́ kọjá, àwọn mẹ́ta tó wà lágbo onídìrí á yí ojú sí ìpẹ̀kun sọ́ọ̀bù.

Aago 2:25. Hard drive náà ti gbóná. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó yára fà á kúrò. Ó dá iṣẹ́ náà dúró, ó gbé fáànù kékeré kan sí i. Ó ní kí wọ́n fún un ní ogójì ìṣẹ́jú. Ó ra ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, ó gbé ìdajì síwájú obìnrin náà.

"Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá. Mi ò lè jẹun."

Fóònù rẹ̀ dún. Ó dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí òpópónà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó di ti ẹni tó ń dá olùkọ́ lóhùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó padà, ó jókòó, ó sì di báàgì ọwọ́ rẹ̀ mú lórí itan. Alẹ́ àná ló ti jí. Orí rẹ̀ tẹ̀, ó gbé e sókè.

Aago 4:40. Ìdá 58. Òkùnkùn ti ń ṣú. Ọmọ onílé wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gbé báàgì onítáyà náà dání. Ó bá a níbi tó fi í sílẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá nítorí pé òun lù ú ni.

"Ó ti ń kú kí o tó lù ú."

Ọmọ náà mi orí. Kò dà bí ẹni tí ìdáhùn náà tù nínú.

Aago 6:15. Wọ́n ń ti sọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin ìfowóránṣẹ́ pa iná tirẹ̀, onídìrí gbá irun nílẹ̀. Ọkùnrin náà fa páànù ẹnu ọ̀nà wálẹ̀ dé ìdajì. Kò béèrè owó àfikún.

Aago 7:03. Ìdá 81. Ìró yí padà. Ìkùn náà ń lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó di afẹ́fẹ́, ó tán.

Ariwo kankan kò sí mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n fi páálí àti rọ́bà wá fún ọdún mẹ́ta nìyẹn, ó dé wẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà kò mira. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà àṣìṣe ń gòkè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó dá a dúró. Ó yọ wáyà. Ó wo aago ògiri.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Aago 7:35. Ó tan án. Ìró tín-ín-rín kan jáde, ó kúrú, ó tún jáde: mọ́tò ń gbìyànjú àtiyí, kò lè yí. Ó pa á. Obìnrin náà ti dìde dúró.

Aago 7:50. Bákan náà.

Aago 8:12. Ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ ní ìbúlẹ̀, ó tan án, ó sì rọra yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sí oníṣẹ́ tó máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní èyí, nítorí ó lè pa á pátápátá. Wùùù. Ó gòkè. Kọ̀. Obìnrin náà pa ojú dé. Kọ̀. Nǹkan họ nínú rẹ̀. Nọ́ńbà sáré.

Aago 9:26. Ó kó ìyókù láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, kí ó lè sún mọ́ àwọn ibi tó bàjẹ́ láti òdìkejì. Ìdá 98. Ìró náà ti wúwo, kọ̀ ti di kọ̀ọ̀-gbì. Ó lè fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ kó máa họ ìdá méjì tó kù. Ó lè dá a dúró. Ó wo obìnrin náà, ó wo hard drive. Ó fa wáyà yọ.

Aago 9:41. Ó ṣí ẹ̀dà náà lórí hard drive tuntun. Orúkọ fóldà tò wálẹ̀. Orin. Ìwàásù. Fọ́tò. HARVEST.

Kò sí àwòrán ìkórè kankan nínú rẹ̀. Fóldà mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, ọdún sì ni orúkọ wọn, 2002 títí dé 2015.

Aago 9:44. Ó ṣí 2002. Lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Orúkọ obìnrin náà wà lókè rẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀. 2003: ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. 2004: rìsíìtì ìfowóránṣẹ́, mẹ́sàn-án. 2005: rìsíìtì mọ́kànlá, àti lẹ́tà ilé ìwòsàn. 2006. 2007. Ọkùnrin náà kò ka ohun tó wà nínú wọn mọ́. Ó ti dẹ́kun bíbéèrè láti ìgbà tó rí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ti pẹ́ ní Peckham.

Oṣù kọkànlá ọdún 2002 ni obìnrin náà wọ London pẹ̀lú físà àlejò oṣù mẹ́fà. Kò padà. Nígbà náà, ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀ Britain fún ọdún mẹ́rìnlá láìní ìwé lè béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró. Òun ì bá pé mẹ́rìnlá ní 2016. Ní oṣù keje ọdún 2012, wọ́n sọ mẹ́rìnlá di ogún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogún lọ́sẹ̀ yìí ni. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ọ̀la, lọ́yà fẹ́ rí ẹ̀rí ọdún kọ̀ọ̀kan kó tó kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà. Tí wọ́n bá gbà á, oṣù ọgbọ̀n ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un, yóò tún máa sọ ọ́ dọ̀tun títí ọdún mẹ́wàá.

Ìwé gidi ọdún mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Omi láti ilé òkè jò sórí àpótí tó kó wọn sí ní oṣù Kejìlá 2015, wọ́n jẹrà. Ẹ̀dà tó fi ẹ̀rọ yà ní Peckham Library, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, kó tó di ìgbà náà, ló kù. Ó pe fóldà náà ní Harvest kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ má bàa ṣí i. Kò gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ogún ọdún ló fi gbìyànjú kí orúkọ òun má fara hàn níbì kankan.

Aago 9:58. Ó kan 2008. Fáìlì ẹyọ kan ló wà nínú rẹ̀. Àìsàn ló ṣe é lọ́dún náà, iṣẹ́ kò sí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló fowó ránṣẹ́. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà ń ṣí láti òkè wá sísàlẹ̀, ó dé ìdajì, ó dúró. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ di eérú, kò sí lẹ́tà kan.

Rìsíìtì ìfowóránṣẹ́ ni, ti Rye Lane. Orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ wà lókè, lódindi. Ọjọ́ wà. Iye owó wà. Orúkọ ẹni tó gbà á ti wọ inú eérú lọ. Ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun ni, ẹni tó ń bá a tọ́ ọmọ méjì tó fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti di àgbà báyìí.

"Ṣé èyí tó, Àǹtí?"

Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń wá."

Aago 10:20. Ó ṣí ìyókù, 2009 dé 2015. Gbogbo wọn ṣí. Ó ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: fláàṣì kan fún lọ́yà, fláàṣì kan fún obìnrin náà, hard drive tuntun náà. Ó sọ iye owó, ó kéré ju ohun tí wákàtí mẹ́tàlá tó lọ. Obìnrin náà kà á jáde nínú báàgì ọwọ́, ó fi ogún pọ́n-ùn lé e. Ó dá ogún náà padà.

Aago 10:34. Ó fi máákà kọ MÁ TÀN ÁN sára hard drive àtijọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ fóldà náà lórí fláàṣì àkọ́kọ́.

"Ṣé kí n fi Harvest sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Ẹ kọ orúkọ mi sí i. Àbísọ, àti ti bàbá mi."